Ẹ̀rọ Ìdánlẹ̀ Wọ́ọ̀dù Abiyamọ

Aago márùn-ún ìdájí. Àkúrẹ́ ò tíì jí,
ìkùukùu ṣì wé gèlè sórí àwọn àpáta.
Mo ki púlọ́ọ̀gì bọ ògiri, mo tẹ bọ́tìnnì:
ẹ̀rọ ìdánlẹ̀ kùn bí oyin inú agbè,
kò yí.

Mo pa á. Mo tún tàn án.
Ó kùn, ó gbọ̀n, ó fẹ́ já gbà mọ́ mi lọ́wọ́,
ó rìn bí ọ̀mùtí títí ó fi forí sọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kẹrin.
Ó dákẹ́.
Obìnrin tó bímọ lóru la ojú kan:
"Màmá, ṣé kì í ṣe iná ni?"
Ohunkóhun tó bá kú nílùú yìí, iná la kọ́kọ́ ń fura sí.
Ṣùgbọ́n gílóòbù ń tàn lókè, fáànù ń yí.
Iná ò mọwọ́mẹsẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ilé ìwòsàn rèé o. Dókítà mẹ́sàn-án,
nọ́ọ̀sì lọ́tùn-ún lósì,
kò sẹ́ni tó máa gbé etí lé àyà ẹ̀rọ
kó bi í pé, níbo ló ń dùn ọ́?
Àfi èmi Jọláadé, ìwé mẹ́fà péré.

Mo yọ ọ́ kúrò nínú iná ná.
Ẹni tó ń tú ẹ̀rọ tí iná wà lára rẹ̀
ń wá bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kejì.
Mo wo fíúsì: ó yè.
Mo fọwọ́ tọ wáyà láti orí dé ìdí
bí ẹni ń wá eegun nínú ẹja ọmọdé: kò já.
Mo wá yí i dojú dé.

Háà.
Pólíìṣì pupa ọdún mélòó ti gan mọ́ búrọ́ọ̀ṣì
bí ọbẹ̀ àná mọ́ ìdí ìkòkò.
Mo fi ọ̀bẹ họ ọ́, mo họ ọ́, èékánná mi pọ́n.
Lábẹ́ rẹ̀, lọ́rùn irin tó ń yí,
okùn ló wé mọ́ra wọn, ìpele lórí ìpele:
irun àtọwọ́dá, bándéèjì, òwú,
àti àwọn okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́
tí a fi ń so nọ́ńbà mọ́ ọmọ tuntun lọ́rùn ọwọ́.
Mo ka méjìdínlógún kí n tó ṣíwọ́.
Ìwé ara ọ̀kan kò tíì parẹ́ tán:
ỌMỌ LÓGUNLẸ́KỌ̀Ọ́. OBÌNRIN. KÌLÓ MÉJÌ ÀTI DÍẸ̀.
Ta ni? Ṣé ó ti ń rìn? Ṣé ó ti wọ sùkúù?
Àbí
Mi ò parí rẹ̀. A kì í parí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀
ní wọ́ọ̀dù yìí, láàárọ̀, lórí ìkúnlẹ̀.

Mo tú u tán. Mo tàn án. Ó yí!
Ó yí o, ṣùgbọ́n ó ń ta iná pẹ́pẹ́ láti ihò ẹ̀gbẹ́,
òórùn rẹ̀ dà bí bàtà rọ́bà tó bọ́ sí ààrò.
Mo pe Tẹ̀mídayọ̀ tó ń wé mọ́tò ní Ìsíkàn.
Oorun wà lóhùn rẹ̀:
"Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló ti jẹ tán, Màmá.
Ẹ pa á kó tó jóná. Ó di ọjọ́ Ajé."

Ọjọ́ Ẹtì lònìí. Mètírọ́ọ̀nù ní àwọn àlejò ń bọ̀ lágogo mẹ́sàn-án,
kí ilẹ̀ dán kí wọ́n rí eyín ara wọn níbẹ̀.
Mo fa ààbọ̀ èèpo àgbọn yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
irú èyí tí a fi dán gbọ̀ngán sùkúù wa ní Ọbá-Ilé,
ọmọ ogójì lórí ìlà, ìdí lókè.
Kò ní fíúsì. Kì í kùn. Eékún mi ló ń kùn.

Nígbà tí mo dán an dé bẹ́ẹ̀dì kẹrin,
mo wo ọwọ́ ọmọ náà.
Okùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó kàn tú díẹ̀.
"Ìyá ọmọ," mo ní, "ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tún un so."