Àga Mẹ́ta, Ìdí Kan

Lẹ́tà náà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ń rọ̀ sí Kendal
bó ṣe máa ń rọ̀ níbẹ̀, láìbínú, láìsinmi.
Èmi Fẹ́hìntọlá ni mo kọ́kọ́ já a,
torí èmi ni mo ń jókòó lẹ́nu fèrèsé
tí àwọn olùpẹ̀jọ́ ti ń sanwó.
Ó ní: láti oṣù tó ń bọ̀, ipò akọ̀wé àgbà, ipò akódà,
àti ti igbákejì adájọ́ ní ìlú mẹ́ta,
a ti pa wọ́n pọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa jẹ́ gbogbo wọn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo rẹ́rìn-ín.
Àgbájọ wo ló wà fún ọwọ́ kan,
tí wọ́n ní kó ṣe àtẹ́lẹwọ́, kó ṣe ẹ̀ṣẹ́,
kó tún ṣe ìka tó ń kọ̀wé?

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.
Adájọ́ Braithwaite á dájọ́ ní aago mọ́kànlá,
ojú rẹ̀ lára ògiri, ọkàn rẹ̀ lára oúnjẹ ọ̀sán.
Ìyáàfin Garnett á kọ ọ́ sílẹ̀,
ṣùgbọ́n yíǹkì ìyá yẹn kì í tètè gbẹ:
ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún,
títí onígbèsè á fi rí àna kan tó máa yá a lówó.
Lẹ́yìn náà ni Threlkeld, akódà, á wọ bàtà òjò rẹ̀,
á gun òkè lọ sí oko àgùntàn,
á kànlẹ̀kùn, á mu tíì,
á padà wá ròyìn pé òun ò bá ẹnìkankan nílé.
Gbogbo wa mọ̀ pé ó bá wọn nílé.
Èérún àkàrà òyìnbó wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Bàbá mi àgbà ṣe akódà rí, ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìmẹ̀sí.
Ó máa ń ní, "Ẹni tó dájọ́ kọ́ ló ń kànlẹ̀kùn.
Bí ọ̀rọ̀ bá ń ti ọwọ́ dé ọwọ́,
á máa tutù díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀kọ gbígbóná."
Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé ebi ló ń pa á.

Mi ò sọ pé kò nídìí o.
Òrùlé wa ń jò, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló wà lábẹ́ àjà.
Láàárọ̀ mìíràn, ẹjọ́ méjì péré,
àwa méje tí a ń gbowó oṣù lé e lórí.
Owó ìlú kì í ṣe omi òjò.

Ẹni tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Elspeth Hoggarth,
ọ̀dọ́bìnrin, oníwà pẹ̀lẹ́, àìsùn hàn lójú rẹ̀.
Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹjọ́ mẹ́ta wà lọ́rùn rẹ̀ bí agogo ọrùn ewúrẹ́.
Ọjọ́ Ajé, Penrith. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Barrow.
Ọjọ́bọ̀ ni tiwa.

Ọjọ́bọ̀ kan ló dá ẹjọ́ Joss Fawcett,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, gbèsè oúnjẹ àgùntàn.
Òun náà ló kọ ọ́ sílẹ̀. Yíǹkì gbẹ lójú ẹsẹ̀: kọ̀ǹpútà ni.
Ní aago mẹ́rin a gun òkè lọ, èmi ni mo wakọ̀.
Ó kànlẹ̀kùn. Ajá gbó.
Fawcett pariwo látinú ilé: "Ta nì yẹn?"

Elspeth lanu. Ó pa á dé.
Ó bojú wẹ̀yìn wò mí nínú ọkọ̀,
bí ẹni pé mo bá a tọ́jú orúkọ rẹ̀ sápò.
Ìwé ìdájọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì ń gbóná,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rí èéfín rẹ̀ nínú òtútù yẹn.
"Mo ní ta nì yẹn?"

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.
Mo pa iná ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀,
mo lọ dúró tì í.