Ọgọ́ta Àga

Ọyẹ́ ti da eruku bo Kubwa.
Dékọ́nì Arówólò ń to àga,
ọgọ́ta géérégé, bí i ti tẹ́lẹ̀,
kí àwọn kan tó bá ti Kánádà lọ,
kí ọ̀nà Kàdúná tó gbé akọrin wa méjì mì.

Àwa mẹ́rìnlá la kù.
Epo gbówó lórí; jẹnẹrétọ̀ dákẹ́.
Mo ní, "Bàbá, ta ni yóò jókòó?
Ìlú yìí ti bàjẹ́ kọjá ohun tí àdúrà ń tún ṣe."

Kò dá mi lóhùn.
Ó ń nu wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí kan ẹsẹ̀ àga.
Ó pẹ́ kó tó ní:
"Ẹni tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ bá eruku."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni.
Mo mú àkísà kejì.