Ìṣísẹ̀ Méjìdínlógún

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n ya sinimá nílé alájà kan
ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti ń bá ni wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Iṣẹ́ mi kò ju kí n ti kẹ̀kẹ́ lọ:
kẹ̀kẹ́ onípákó tí wọ́n fi ń kó ẹja bọ̀ láti etí ọ̀sà.
A fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a fi epo ra ẹsẹ̀ rẹ̀ kó má baà han,
a wá gbé kámẹ́rà lé e bí ìyàwó tuntun.

Láti ẹnu ọ̀nà dé orí àga Múnírátù,
ìṣísẹ̀ méjìdínlógún.
Ọ̀gá Ọdúnúgà ní: "Má sáré.
Rìn bí omi tí ń gun àtẹ̀gùn lóru,
tí ẹnikẹ́ni kò rí i títí ẹsẹ̀ fi tutù."

Opó ni Múnírátù nínú eré náà.
Ọkọ rẹ̀ bá omi lọ, wọn ò rí òkú,
ṣùgbọ́n lálaalẹ́ bàtà ọkùnrin náà a máa rin gbingbin lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Kò sí iwin nínú fíìmù yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.
Kò sẹ́ni tó kun ojú lẹ́fun.
Bàtà ni, àti omi, àti ojú obìnrin kan.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó kígbe,
igbe tí àwọn apẹja gbọ́ lórí ọ̀sà tí wọ́n yí ọkọ̀ padà.
Ọ̀gá mi orí. "Igbe ti tú ẹ̀rù sílẹ̀ kó máa lọ.
Gbé e mì. Jẹ́ ká rí ibi tó ti há ọ lọ́fun."
Ó gbé e mì.
Mo rí i: iṣan kan ṣoṣo lábẹ́ etí òsì,
ó ń jà bí ẹja tó há sínú ìgèrè.

Ọ̀gá tì í sí igun àwòrán, lápá òsì pátápátá,
ó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀.
Mo bi í pé ta ni yóò dúró síbẹ̀.
Ó ní, "Ẹni tó bá ń wò ó ni."
Ó jẹ́ kí kámẹ́rà tẹ̀, díẹ̀ báyìí,
bí ọkọ̀ tí ẹrù wúwo lápá kan;
ilé dúró, àwa tí ń wò ni òòyì ń kọ́.

Mo ti kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn bí ẹ̀fọn.
Nígbà tó di ẹ̀wá, kò ṣẹ́jú mọ́.
Nígbà tó di ẹ̀ẹ́dógún,
èmi tí mo mọ̀ pé ògiri lásán ló wà lẹ́yìn mi,
mo bojú wẹ̀yìn.

"Àǹtí, kí lẹ rí?"
Ó rẹ́rìn-ín, ó ń yọ egungun ẹja lẹ́nu.
"Owó àjọ tí Sàláwù télọ̀ kó jẹ ni mò ń ṣírò.
Tó bá ku kọ́bọ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀.
Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín gbé òkú síbẹ̀."
Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fi sinimá náà hàn,
odindi oṣù kan ni àwọn géńdé àdúgbò fi ń kó bàtà wọn sùn.

Ó lé lógójì ọdún. Fíìmù ti kan nínú páànù rẹ̀,
ó ń rùn bí ọtí ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ Àlàmísì mo lọ kí Múnírátù.
Ó ń gbàgbé: orúkọ ọmọ, àkókò ìrun, ọ̀nà balùwẹ̀.
Ó jókòó sápá òsì yàrá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀,
ó ń wo ẹ̀yìn mi.
Ojú yẹn. Iṣan yẹn, lábẹ́ etí.
Ọmọ rẹ̀ ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn láti Iléyá.

Ọlọ́run, jẹ́ kó jẹ́ owó àjọ.

N ò bojú wẹ̀yìn lọ́tẹ̀ yìí.
Mo bọ́ bàtà, mo gbé e jìnnà sí ilẹ̀kùn.
Yàrá náà kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ.
Mo rìn ín ní méjìdínlógún.