Olè Tí Kò Gbé Nǹkan Kan Lọ

Èmi ni mo ṣí i.
Kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa dì í ru ọmọ ọ́fíìsì.
Ọjọ́ Ajé ni, ọyẹ́ ti bo òkè Ìjerò mọ́lẹ̀,
mo ti sín lẹ́ẹ̀mẹta,
lẹ́tà kan wọlé: "Rìsíìtì owó tí ẹ san. Ẹ wò ó kíákíá."
A ò san owó kankan.
Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yá ju ojú mi lọ.

Kò sí ariwo. Ìyẹn ló ń dùn mí títí dòní.
Fèrèsé kò fọ́, ajá Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́ṣebí kò gbó.
Mo jáde lọ ra àkàrà, mo padà dé,
ó ń lọ láti yàrá dé yàrá nínú ẹ̀rọ,
ó ń mú ìwé kọ̀ọ̀kan,
ó ń fi èdè tí ẹnìkan ṣoṣo gbọ́ tún un kọ,
ó sì ń lẹ ìrù tuntun mọ́ ìdí orúkọ rẹ̀.

Olè ayé àtijọ́ a máa gbé iṣu sá lọ,
o ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú ìrì.
Eléyìí fi iṣu sílẹ̀ nínú àká rẹ, gbogbo rẹ̀ pé,
ó kàn pààrọ̀ àgádágodo,
ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí ìlú tí a kò mọ̀,
ó wá ní kí o wá ra iṣu ara rẹ.

Owó àjẹṣẹ́kù olùkọ́ igba ó lé mẹ́rìnlá!
Màmá Ìbídàpọ̀ ku oṣù méjì kó fẹ̀yìn tì.
Ojú ẹ̀rọ pọ́n:
wákàtí méjìléláàádọ́rin, bítíkọ́ìnì,
bí ẹ bá pẹ́, ó di ìlọ́po méjì.
Wọ́n tilẹ̀ kọ "ẹ jọ̀wọ́."

Alága ní ká san. Akápò ní ká nu gbogbo rẹ̀ dànù.
Fámúyìwá, ọmọ Ìdáò tó ń tún ẹ̀rọ ṣe,
kò tíì kí wa tán tó fi fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì yọ.
"Èkejì ńkọ́? Ẹ yọ tirẹ̀ náà. Àìsàn yìí a máa rìn.
Ẹ má nu nǹkan kan. Ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ.
Ẹ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ sọ fún àwọn olówó
kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọjà.
Ìwé tó tì, ẹ tọ́jú rẹ̀:
ìgbà mìíràn wà tí kọ́kọ́rọ́ ń jábọ́ lọ́wọ́ olè."
"Bí a bá wá san ńkọ́?"
"Ẹni tó purọ́ wọlé, ṣé òtítọ́ ni yóò fi jáde?"

Fláàṣì tí mo gbẹ́kẹ̀ lé
wà lára ẹ̀rọ láti oṣù kẹfà, mi ò yọ ọ́ rí.
Ó tì í mọ́ ọn.
Ẹni méjì tó sùn lórí ẹní kan nínú ilé tó ń jó,
èwo ni yóò ròyìn ìkejì?

Bàbá Arówólò ló wọlé, akọ̀wé àná,
tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù,
tí a rò pé ìjókòó ilé ló sú u.
Ó ṣí agolo mílíìkì, ó tú ọ̀rá,
dísìkì kan wà nínú rẹ̀, tútù bí òkúta.
Mo fẹ́ kì í bọ ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
Fámúyìwá gbá mi lọ́wọ́ mú: "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ ìkòkò."

Ọjọ́ méjì ló fi fọ̀ ọ́.
Iṣu padà sí àká, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣófo síbẹ̀.
Mo gbé rìsíìtì sórí itan,
mo ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan:
"Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ san lọ́jọ́ kẹsàn-án?"
Àwọn kan rántí. Àwọn kan ní kí n ní sùúrù.
Màmá Ìbídàpọ̀ fi ẹgbẹ̀rún méjì
rántí ju ohun tó san lọ.