Lẹ́tà Láti Ìdí-Obì

Ẹ̀yin ọ̀gá rélùwéè,
èmi Efúnyẹmí Ṣówándé, tí ń ta obì ní Ìdí-Obì,
lẹ́yìn Ìlíṣàn níbẹ̀ yẹn,
ni mo ní kí ọmọ ọmọ mi bá mi kọ èyí.
N kò bínú mọ́. Bíńtín ló kù.

Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé, a ò rí yín.
Ọ̀dà pupa la rí lára ògiri ilé ìdáná ìyá mi,
àmì gàdàgbà, irú èyí tí tíṣà ń fi sí iṣẹ́ ọmọ tí kò gba ìṣirò.
Ẹ ò kágò.
Ẹ ri èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín oko,
ewúrẹ́ Odùbánjọ fara ha ọ̀kan títí ó fi wó,
ẹ ní a ń ta ko ìdàgbàsókè.
Ewúrẹ́ ni o. Ẹ̀yìn ló ń yún un.

Ẹ wá pe ìpàdé,
ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ṣàgámù, lọ́jọ́ ọjà.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wa bí ẹran tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́.
Ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wákàtí méjì,
ẹ pín ìrẹsì, ẹ pín fìlà tí orúkọ yín wà níwájú rẹ̀,
ẹ lọ wí nílùú Èkó pé ará ìlú ti fọwọ́ sí i.
Ìwé ìrẹsì la fọwọ́ sí.
A kì í fárí lẹ́yìn olórí:
orí wa wà níjokòó lóòótọ́,
abẹ nìkan ló sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin yẹn ni mo fẹ́ sọ, Morónfólú,
èyí tí ẹ rán wá lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ dínà.
Ọ̀kadà ló gùn wá.
Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fa àpótí, ó bá mi bó obì
títí èékánná rẹ̀ fi pọ́n bí tèmi.
Kò ṣí ìwé kankan. Ó ní,
“Màmá, ibo lomi ń gbà lóṣù keje?”
Mo dìde, mo mú un lọ,
mo fi ilà ẹrẹ̀ hàn án lára igi: ó dé e láyà.
Àwòrán yín gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni tẹ́ ẹní.
Ó béèrè ibi tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sílé ìwé.
Ó béèrè ẹni tó sùn sábẹ́ igi àgbálùmọ̀.
Mo ní, “Àbíkẹ́yìn mi.”
Ó dákẹ́, ó fọwọ́ pupa yẹn nu ojú.

Ojú àlejò ńlá, kò fi ríran.
Tirẹ̀ ríran, torí ó yá tiwa lò.

Irin yà díẹ̀. Ogójì ẹsẹ̀ péré.
Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà báyìí,
Ògúnlẹ́sì tiwa ló jó irin rẹ̀ pọ̀,
kò sì sẹ́ni tó jí nọ́ọ̀tì kan níbẹ̀ rí.
Owó gbà-má-bìínú pẹ́, ó sì dín;
akọ̀wé yín ka igi obì bàbá mi mọ́ ẹ̀gẹ́.
Bíńtín tó kù nìyẹn.

Nígbà tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ kọjá, a jáde, a juwọ́.
Kò dúró.
A tún juwọ́ lọ́jọ́ kejì.
Fèrèsé yín dúdú, a ò mọ̀ bóyá ẹnì kan dáhùn.

Ẹ bá wa dúró níṣẹ́jú méjì lọ́jọ́ ọjà,
kí apẹ̀rẹ̀ obì wọlé, Alhájì ń retí wa ní Sábó.
Ẹ jẹ́ kí Morónfólú máa wá.
Wọ́n ní ẹ ti gbé e ga, ó wà l'Ábújá;
ẹ gbé e ga jù, kò rí wa mọ́.

Ó ku pátákó tí ẹ rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.
Ẹ kọ orúkọ wa síbẹ̀ láìní àmì kankan,
àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń kà á sí ìdí òbí,
wọ́n ń rẹ́rìn-ín.
Ọ̀dà díẹ̀ ló gbà.
Pupa yẹn ṣáà ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín.