Ọ̀fun Ewúrẹ́

Ní Moab, níbi tí òkúta ti pupa bí osùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀,
èmi Ọdẹ́yalé ni wọ́n ń pè bí ọkọ̀ bá há.
Mo ní wáyà onírin, mo ní ìkọ́, mo ní sùúrù.
Sùúrù ló wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Verlin Stokes, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
ní jíìpù kan tó dàgbà ju ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.
Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní rédíò,
irin ìjókòó rẹ̀ ń gún ni nídìí.
Bí o bá wọ̀ ọ́, èjìká rẹ á kan èjìká ẹnìkejì,
ẹ ò lè bínú síra yín ju máìlì méjì lọ.
Wọ́n ní láyé ọjọ́un, bó bá rì sínú yanrìn,
ọkùnrin mẹ́rin a dì í mú nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
wọn a gbé e síbi tó le,
wọn a gbọn ọwọ́ nù, ó parí.

Ta ni yóò gbé èyí tí Colby ọmọ-ọmọ rẹ̀ rà?
Ọjọ́bọ̀ ló dé, ọkọ̀ gbé ọkọ̀ wá.
Táyà rẹ̀ dé mi níbàdí,
bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dé mi láyà, èmi tí kì í ṣe aràrá.
Àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí":
a rí i, a sì sọ pé a rí i.
Àtẹ̀gùn yọ fúnra rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn
bí ahọ́n ajá nínú oòrùn,
kí Colby tó lè gun ohun tó fowó ara rẹ̀ rà.

Bàbá Verlin ló fi pákó kan gáréjì wọn.
Colby fi ẹ̀yìn rìn wọlé, ó rọra ń bọ̀, ó ń bọ̀,
àtérígbà dáhùn: gbàmù!
Verlin mú okùn ìwọ̀n, ó wọn ẹnu ọ̀nà,
ó wọn ọkọ̀, ó tún ẹnu ọ̀nà wọ̀n
bí ẹni pé igi lè yí ẹ̀rí padà.
Ilé làbọ̀ sinmi oko.
Ìta lọkọ̀ náà sùn. Ìta náà ló ṣì ń sùn.

Ọ̀sán Sátidé, fóònù mi dún.
Ọ̀nà kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fun Ewúrẹ́,
òkúta lọ́tùn-ún, òkúta lósì;
jíìpù àtijọ́ a máa gba ibẹ̀ bí omi.
Colby há síbẹ̀ bí eegun ẹja.
Kò ṣeé lọ, kò ṣeé bọ̀, kò ṣeé ṣílẹ̀kùn.
Kámẹ́rà mẹ́fà ló wà lára ọkọ̀ náà,
mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń fi òkúta hàn án.

Kí n má parọ́: ọkọ̀ tí mo fi ń fa ọkọ̀ náà ò dé ibẹ̀.
Mo ti ta kékeré lọ́dún kẹsàn-án sẹ́yìn.
Bí wọ́n ṣe ń tóbi lèmi náà ń tóbi tẹ̀ lé wọn,
n ò bi ara mi léèrè.
Verlin ló fi jíìpù gbé mi gòkè,
wáyà lórí itan mi, èjìká kan èjìká.
Ó ní, "Wọ́n ní o kéré, àbí?"
Jíìpù ló ń bá wí.
Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fádìẹ.

A fà á títí òṣùpá fi yọ.
Òkúta ò wí nǹkan kan.
Ó gba ọ̀dà dúdú díẹ̀, ó fi para.

Nígbà tí a délé, Maren, ọmọ Colby,
ọmọ ọdún mẹ́fà, sáré jáde wá pàdé wa.
Ó dúró níwájú ọkọ̀ ńlá, ó ń juwọ́;
bàbá rẹ̀ ò rí i, ọkọ̀ ṣì ń yí bọ̀.
Àwa tí a wà nínú jíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́
rí i látorí dé àtàǹpàkò,
a rí àlàfo eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.
Verlin tẹ fèrè, kò gbọ́wọ́ kúrò.

Colby paná ẹ́ńjìnnì.
Ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ kíá,
àtẹ̀gùn yẹn ṣì ń rọra yọ.