Wákàtí Mẹ́rìnlá ní Pọ́tò

Ọkọ̀ ojú irin já mi sílẹ̀ ní aago méje àárọ̀,
èmi àti báàgì kan, èmi àti òjò wẹliwẹli.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni òmíràn yóò gbé mi lọ.
Kí lèèyàn lè fi wákàtí mẹ́rìnlá rí
nínú ìlú tó ti hu ewú kí wọ́n tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni?

Nínú ibùdókọ̀ pàápàá, mo ti dúró.
Ògiri wọn kò gba ọ̀dà; amọ̀ dídán ni wọ́n fi wọ̀ ọ́ láṣọ,
búlúù lórí funfun, bí ẹni fi aró kọ̀wé sójú wàrà:
ẹṣin ń sáré, ọba ń bọ̀, obìnrin ń ru èso àjàrà.
Àwọn òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ ń kọjá lábẹ́ ogun náà,
ojú wọn wà lára fóònù.
Ohun tí mo ti ọ̀nà jíjìn wá wò,
òun ni wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀.

Ìnàró ni mo ti mu kọfí,
ife tí kò ju àtàǹpàkò lọ;
ó korò bí òtítọ́, ó tán bí owó oṣù.
Telmo lorúkọ tó wà láyà ọmọkùnrin tó tà á.
Ó wo bàtà mi, ó mi orí:
"Àtẹ̀gùn ni ìyá ìlú yìí, àtẹ̀gùn náà ni bàbá."

Kò parọ́.
Mo gùn, mo sọ̀, mo tún gùn.
Òkúta ojú ọ̀nà ń dán bí ẹ̀yìn ẹja,
aṣọ sísá ń kán sí mi lórí láti fèrèsé òkè:
ṣòkòtò, aṣọ ìbùsùn, ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé ẹyọ kan.
Ṣé òjò ni, ṣé aṣọ ni? Orí mi ò dá a mọ̀.

Mo yà sí ṣọ́ọ̀ṣì kan. Igi ni wọ́n gbẹ́, wúrà ni wọ́n fi bò ó,
igi tó ti gbàgbé pé igi lòun.
Mo wòkè títí ọrùn fi ń dùn mí.
Ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀ tí kò wòkè;
ó tan àbẹ́là, àbẹ́là kú, ó tún un tàn.
N kò rántí ère kankan níbẹ̀. Ìka rẹ̀ ni mo rántí.

Lọ́sàn-án, ebi gba ojú lọ́wọ́ ìran.
Ilé oúnjẹ onítábìlì márùn-ún lẹ́yìn odò,
Dona Zulmira kò bi mí ní ohun tí mo fẹ́,
ó kàn gbé àwo síwájú mi.
Mo bojú wò ó: ṣàkì!
Ṣàkì nínú ẹ̀wà funfun, kárọ́ọ̀tì, ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó rọ̀ débi pé eyín ò rí iṣẹ́ ṣe.
Ó ní nígbà kan rí, ọkọ̀ ogun fẹ́ ṣí létí odò yìí,
ìlú kó gbogbo ẹran fún àwọn atukọ̀,
inú ẹran nìkan ló ṣẹ́kù sílé.
"Ajẹṣàkì ni wọ́n fi ń bú wa. A gbà á, a fi ṣe oríkì."
Bóyá òótọ́ ni, bóyá iyọ̀ ọbẹ̀ lásán ni;
ahọ́n mi ò bèèrè ẹ̀rí.

Mo ní ọmọ mélòó ló bí. Ó na ìka mẹ́ta.
Ọ̀kan ń tún ilé onílé ṣe ní Pàrísì,
ọ̀kan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Jámánì,
ìka kẹta, ó ká a padà, kò sọ̀rọ̀.
"Ẹran náà ṣì ń lọ," ló wí, "àwa ṣì ń jẹ ìfun."
Ó bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Ìrọ̀lẹ́ bá mi lórí afárá onírin.
Odò Dóúrò ti dàwọ̀ tíì àmuṣẹ́kù,
àwọn ọkọ̀ tó ń gbé àgbá wáìnì láyé àtijọ́
so mọ́lẹ̀; kí a yà wọ́n ní fọ́tò niṣẹ́ wọn báyìí.
Bàbá kan ń sun èso kan tó jọ àsálà nínú èéfín.
Ó ní méjìlá ni; mo kà á, mọ́kànlá ni.
Mo dákẹ́. Iná rẹ̀ ń yá mi lọ́wọ́.

N kò dé ilé ìṣọ́ gíga tí gbogbo ayé ní kí n dé.
Agbòjò mi wà lábẹ́ tábìlì Zulmira.
Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ,
mo fẹ̀yìn ti ògiri búlúù, mo ń wo fóònù.
Ẹṣin ń sáré lókè orí mi, ọba ń bọ̀.
N kò gbójú sókè.